Géèmù Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Gbá àti Àlọ́ Tí A Kò Pa fún Wọn Mọ́

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níwájú ìpàdé gbogbogbò ẹ̀ka wa ní Kánò)

  Bí a bá pé jọ báyìí ní Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìsìnkú, ọ̀rọ̀ ìkómọ àti ọ̀rọ̀ ilé ìwé àwọn ọmọ ni a máa ń gbọ́. Nígbà tí mo sọ fún Akọ̀wé wa pé géèmù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ rín. Ó ní ṣé mo fẹ́ wá kọ́ àwọn ọmọ ní ìmẹ́lẹ́ ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Géèmù tí gbogbo wa mọ̀ ni èyí tí a ń rí ládùúgbò. Yàrá kékeré kan, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ tí ń pariwo lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n di páàdì mú tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí ó bá pàdánù a dìde, ẹlòmíràn a sanwó, a jókòó. Ìyá tí ó rán ọmọ lọ sí ọjà tí ọmọ kò tètè dé ti mọ ibi tí yóò wá a lọ. Èmi kò wá gbèjà ìyẹn. Ọmọ tí ó bá fi owó oúnjẹ gbá géèmù, kí a bá a wí dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣí ìwé kan tí ó rí i pé ìsọkúsọ ni ó kún inú rẹ̀, kò ní torí ìyẹn sọ pé kí a kó gbogbo ìwé ayé dà sí iná. Géèmù bọ́ọ̀lù, géèmù ìbọn, géèmù eré ìje ọkọ̀, ẹ̀ka kan ni wọ́n. Àwọn kan wà tí kì í ṣe nítorí jíjẹ àti àìjẹ ni wọ́n ṣe wọ́n, àwọn wọ̀nyí ni mo wá sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ẹ jẹ́ kí á rántí pé eré kì í ṣe ohun àbùkù láàárín àwa Yorùbá. Ẹ wo ayò: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ta àti òpè nìkan ni ó wà níbẹ̀. Agbẹ́gilére a fara balẹ̀ fi ọnà sí ọpọ́n náà lára, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó fi kó irú rẹ̀ sínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí wọn. Àwọn òǹwòran a máa ju òwe lu ara wọn, wọn a máa fi òpè ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì máa dùn ju ayò fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn Haúsá tí a ń bá gbé náà ní dárà tiwọn, tí wọ́n ń gbẹ́ ihò rẹ̀ sínú yanrìn lábẹ́ igi. Eré ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n, ọ̀rọ̀ àti ọnà wà nínú rẹ̀.

Àwọn òyìnbó pàápàá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Roger Ebert, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé nípa sinimá nínú ìwé ìròyìn Chicago Sun-Times, sọ ní ọdún 2010 pé géèmù kò lè di iṣẹ́ ọnà láé. Ara ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé géèmù ní òfin, ó ní máàkì, ènìyàn sì lè jẹ ẹ́. Ta ni ó ń jẹ ewì, ta ni ó ń jẹ ère? Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ó tún kọ̀wé pé kò yẹ kí òun ti dá sí ohun tí òun kò fọwọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ni. Ní ọdún 2011 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé òfin tí ó dáàbò bo ìwé àti sinimá náà ni ó dáàbò bo géèmù. Ní ọdún 2012 ẹ̀wẹ̀, ilé ọnà ńlá kan ní New York tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Museum of Modern Art kó géèmù 14 mọ́ àwọn iṣẹ́ ọnà tí ó ń tọ́jú. Tetris, èyí tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow ní ọdún 1984, wà lára wọn. Àwọn ọmọ wa ti gbá a lórí fóònù láìmọ̀ pé ohun tí wọ́n tò sí ilé ọnà ni wọ́n dì mọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè Ebert kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Bí géèmù bá jẹ́ ọ̀rọ̀ jíjẹ nìkan, ibo ni ọnà wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè jẹ.

Passage ni wọ́n ń pe géèmù náà. Jason Rohrer ni ó ṣe é ní ọdún 2007, ó sì wà lára mẹ́rìnlá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìṣẹ́jú 5 péré ni ó ń gbà. Ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró ní apá òsì, ìwọ ni o ń darí rẹ̀. Kò pẹ́ tí yóò fi pàdé obìnrin kan. Bí o bá jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò máa lọ pọ̀. Àwọn àpótí ìṣúra wà káàkiri, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn tóóró, ẹni méjì kò lè gbà á; àpọ́n nìkan ni ó lè débẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ pé ìyàwó ni ó dára jù tàbí ìṣúra. Bí ẹ ti ń lọ, irun ń funfun, ẹ̀yìn ń tẹ̀. Lójijì ìyàwó di òkúta sàréè. Ọkọ á máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ ní òun nìkan fún ìgbà díẹ̀, òun náà á sì di òkúta sàréè. Ó parí. Oníwàásù tí yóò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wa yóò gba wákàtí kan, a ó sì ti sùn.

Kí ni ó fi yàtọ̀ sí sinimá? Nínú sinimá, ẹlòmíràn ni ó fẹ́ obìnrin náà, ìwọ ń wò ó. Nínú géèmù yìí, ìwọ ni o fi ìṣúra sílẹ̀, tàbí ìwọ ni o kọjá lára obìnrin náà bí ẹni pé o kò rí i. Ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kò ní lè dá ẹlòmíràn lẹ́bi nípa rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e yóò yé àwa tí a jìnnà sí ilé. Kò sí ẹni tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò tíì dúró níwájú tábìlì ẹnì kan rí, tí ó di ìwé mọ́wọ́, tí wọ́n ń bi í pé ọmọ ibo ni bàbá rẹ̀, níbo ni ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ rẹ̀ wà. A mọ bí ojú ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn tábìlì ti máa ń rí. Ní ọdún 2013 Lucas Pope, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ṣe géèmù kan tí ó pè ní Papers, Please. Ìlú tí ó wà nínú rẹ̀, Arstotzka, kò sí láyé, ọdún 1982 sì ni ọdún tí ó fi ìtàn náà sí. Ẹ gbọ́ ibi tí ọgbọ́n wà: kì í ṣe àlejò ni ìwọ jẹ́ nínú géèmù yìí. Aṣọ́bodè ni ọ́. Ìwọ ni o jókòó lẹ́yìn tábìlì.

Èrò tò lọ bẹẹrẹ níta. Olúkúlùkù yóò na ìwé rẹ̀ sí ọ: ọjọ́ ha ti kọjá lórí rẹ̀ bí? Àwòrán ha jọ ojú bí? Ìlú tí ó ní òun ti wá ha bá òǹtẹ̀ mu bí? Òfin tí wọ́n fún ọ lánàá kọ́ ni ti òní. Iye ènìyàn tí o bá yẹ̀wò láìṣì ni wọn óò fi san owó fún ọ, owó náà ni ìwọ óò sì fi san owó ilé, tí ìwọ óò fi ra oúnjẹ, igi ìdáná òtútù àti oògùn fún ìdílé rẹ. Bí owó kò bá tó, ọmọ á ṣàìsàn. Ọkùnrin kan á dé, ìwé rẹ̀ pé, o jẹ́ kí ó kọjá. Bí ó ti ń lọ, á bẹ̀ ọ́ pé aya òun ni ó wà lẹ́yìn òun, kí o jọ̀wọ́ ṣàánú rẹ̀. Aya náà á dé, ìwé rẹ̀ kò pé. Kí ni ìwọ óò ṣe? Bí o bá jẹ́ kí ó wọlé, ìwé ìkìlọ̀ á já sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ. Bí ìkìlọ̀ bá sì pọ̀ lọ́jọ́ kan, wọn á gé owó rẹ. Bí o bá dá a padà, ọkọ rẹ̀ ti kọjá lọ ná.

Mo mọ ọ̀dọ́kùnrin kan níhìn-ín tí ó gbá a tí ó ní òun dá obìnrin náà padà, òun sì pa fóònù dé, òun kò gbá a mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ àsọyé nípa bí a ti ń fi ìyà jẹ àlejò, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tí ó fi yé mi bí ẹni rere ṣe ń di aninilára ní díẹ̀díẹ̀, nítorí owó ilé.

Ti ìbànújẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ryan Green àti Amy aya rẹ̀, ní Amẹ́ríkà, bí ọmọkùnrin kan tí àrùn jẹjẹrẹ mú kí ó tó rìn dáadáa. Nígbà tí ọmọ náà wà láyé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe géèmù. Ó kú ní ọdún 2014 ní ọmọ ọdún márùn-ún. Géèmù náà, That Dragon, Cancer, jáde ní ọdún 2016. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ ń sunkún ní ilé ìwòsàn, tí ìwọ tí o di páàdì mú ń wá ohun tí ìwọ óò ṣe kí ó lè dákẹ́, tí gbogbo ohun tí o fọwọ́ kàn kò sì ràn án lọ́wọ́. Ìyá tí ó bá ti tọ́jú aláìsàn rí kò nílò kí n ṣàlàyé.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí mo ń lọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí bí a ti ń pa àlọ́. Àpàlọ́ á ní, “Ààlọ́ o!” Àwọn ọmọ á dáhùn, “Ààlọ̀!” Bí wọn kò bá dáhùn, kò sí àlọ́. Bí ó bá jẹ́ àlọ́ àpagbè ni, bí àpàlọ́ bá dá orin, àwọn ọmọ ni yóò gbè é. Bí ègbè bá dákẹ́, Ìjàpá á dúró sójú kan, kò ní lè kọjá odò. Àwọn ọmọ ni ó ń gbé ìtàn lọ pẹ̀lú ohùn wọn. Èmi kò rí ohun tí géèmù fi yàtọ̀ sí èyí, ju pé àtàǹpàkò ni ọmọ fi ń gbè orin tirẹ̀ lọ. Àwọn Haúsá ní tàtsúníyà, àwa ní àlọ́, ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa níhìn-ín, ta ni ó tún ń pa á? Bàbá dé láti ọjà ní aago mẹ́sàn-án, ìyá ti rẹ̀, iná mànàmáná ti lọ, ọmọ sì wà lórí fóònù. A bá a sọ Yorùbá, ó fi Haúsá dáhùn. Nígbà tí a bá sì gbé e lọ sí ilé ní ọdún, ìyá rẹ̀ àgbà bá a sọ̀rọ̀, ó ń wo ojú wa kí á lè túmọ̀ fún un.

Àwọn ènìyàn kan wà tí ojú wọn ti rí èyí ṣáájú wa. Iñupiat ni wọ́n ń pè wọ́n, ní apá àríwá Alaska. Àwa ń pe ọyẹ́ ní òtútù. Tiwọn ni òtútù. Ọdẹ ni wọ́n, àwọn àgbà wọn a sì máa pa ìtàn ní alẹ́ gígùn. Ìgbà kan wà tí ilé ìwé ń jẹ ọmọ wọn níyà bí ó bá sọ èdè bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín ní ilé ìwé nítorí pé ẹ sọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Èdè náà ń lọ, àwọn ọmọ sì ń gbá géèmù bí ọmọ ibi gbogbo.

Ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ kan tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Alaska dá sílẹ̀ ní Anchorage, Cook Inlet Tribal Council, ń wá òwò tí yóò máa mú owó wọlé kí ẹgbẹ́ má baà gbára lé owó ìjọba nìkan. Kì í ṣe ilé ìtura ni wọ́n kọ́, kì í sì í ṣe ọkọ̀ èrò ni wọ́n rà. Wọ́n ní géèmù ni àwọn yóò ṣe, nínú èyí tí ìtàn àwọn àgbà wọn yóò wà. Wọ́n wá àwọn tí ó mọ iṣẹ́ géèmù, ilé iṣẹ́ E-Line Media, wọ́n sì jókòó pọ̀. Ó tó ogójì àgbà, apàtàn àti ará ìlú tí wọ́n dá sí i. Géèmù náà jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2014. Never Alone ni wọ́n pè é ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní èdè tiwọn, Kisima Inŋitchuŋa.

Ìtàn inú rẹ̀ nìyí. Ìjì yìnyín kan ń jà tí kò dáwọ́ dúró, ọdẹ kò lè jáde, ebi sì fẹ́ pa ìlú. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Nuna gbéra láti lọ wo orísun ìjì náà, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun kan sì bá a lọ. Ènìyàn méjì lè gbá a pọ̀, ọ̀kan á jẹ́ Nuna, ọ̀kan á jẹ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ibi tí ọmọ kò lè gùn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á gùn ún. Bí ọ̀kan bá kú, méjèèjì á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjì bá fẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á gbé wọn lọ. Ọmọ kò ka èyí nínú ìwé, àtàǹpàkò rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọ. Ohùn àgbà ni ó ń pa ìtàn náà ní èdè Iñupiaq láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Gẹ̀ẹ́sì kàn ń kọjá ní ìsàlẹ̀ ni. Bí ọmọ bá ti ń tẹ̀ síwájú, fíìmù kéékèèké á ṣí sílẹ̀ fún un, àwọn àgbà fúnra wọn á jáde, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe ń dẹ̀gbẹ́ àti ohun tí wọ́n gbàgbọ́ nípa àwọn ẹ̀mí.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni èyí. Ìtàn náà ní olówó. Apàtàn kan, Robert Nasruk Cleveland, ni ó sọ ọ́ kí ó tó di kíkọ sílẹ̀, ó sì ti di olóògbé. Àwọn tí ń ṣe géèmù kò kàn gbé e. Wọ́n lọ bá Minnie Gray, ọmọ rẹ̀ obìnrin, láti gba àṣẹ. Nínú ìtàn ti àtijọ́ ọmọkùnrin ni ẹni tí ó rìn ìrìn àjò náà. Wọ́n fẹ́ kí ó di ọmọbìnrin, wọ́n sì tọrọ ìyẹn pẹ̀lú. Ní ọdún 2015 ẹgbẹ́ BAFTA ní Lọ́ńdọ̀nù fún géèmù yìí ní ẹ̀bùn ti àwọn tí ń ṣe géèmù fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé Amẹ́ríkà ni ìyẹn, owó wà lọ́wọ́ wọn. Ó dára. Ẹ wo Kamẹrúùnù tí ó wà nítòsí wa. Ní Yaoundé, àwọn ọ̀dọ́ kan dá ilé iṣẹ́ Kiro'o Games sílẹ̀, wọ́n sì ṣe Aurion, ìtàn ọmọ aládé kan tí wọ́n gbà oyè lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì bá ìyàwó rẹ̀ rìn kiri ayé láti wá agbára àwọn baba ńlá rẹ̀. Ní ọdún 2015 wọ́n tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olúkúlùkù dá ìba tí agbára rẹ̀ ká, ó sì ju 40,000 yúrò lọ. Àwa tí a mọ àjọ dá, ṣé èyí ṣòro fún wa láti lóye? Ọdún 2016 ni géèmù náà jáde.

Èmi kò ní kí ẹ̀ka wa dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ohun kékeré ni mo ń béèrè. Ohun èlò kan wà tí ń jẹ́ Twine, ọ̀fẹ́ ni. Chris Klimas ni ó ṣe é ní ọdún 2009 fún kíkọ ìtàn tí ẹni tí ń kà á yóò máa yan ọ̀nà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè fi kọ̀ǹpútà tẹ lẹ́tà lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìtàn náà á sì ṣí lórí fóònù. A lè fi ohùn àti orin sí i. Ẹ fojú inú wo àlọ́ Ìjàpá kan níbi tí ọmọ yóò ti gbọ́ ohùn ìyá àgbà, tí Ìjàpá yóò dé oríta, tí ọmọ yóò yan ọ̀nà, tí kò sì ní lè yàn án bí kò bá gbọ́ Yorùbá tí wọ́n fi ṣàlàyé ọ̀nà méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì kò ní sí níbẹ̀ rárá. Ọmọ tí ó fẹ́ mọ bí ó ti parí yóò lọ bi ìyá rẹ̀ pé kí ni “kọ̀rọ̀” túmọ̀ sí.

A ní ọ̀dọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀ka yìí, mo rí mẹ́rin lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn tí wọ́n ń mi orí. Ohun tí a kò ní púpọ̀ mọ́ ni àwọn tó mọ àlọ́ pẹ̀lú orin rẹ̀. Láàárín wa níhìn-ín, bóyá wọ́n ku mẹ́fà tàbí méje. Àwọn kan nínú wọn ti pé ọgọ́rin ọdún. Nítorí náà, kí á tó sọ ọ̀rọ̀ géèmù rárá, ẹ jẹ́ kí á gba ohùn wọn sílẹ̀. Fóònù tó wà lápò yín tó o fún èyí. Ìṣòro kan tí mo ti rí tẹ́lẹ̀ ni pé ará Ọ̀fà yóò ní báyìí kọ́ ni wọ́n ń kọ orin rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú yóò ní tòun ni ojúlówó, ará Ògbómọ̀ṣọ́ yóò dìde dúró. Kí a gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àyè wà nínú kọ̀ǹpútà ju inú gbọ̀ngàn yìí lọ.

Alàgbà Alága, Ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìpàdé àwọn obìnrin, mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda yàrá ẹ̀yìn fún wa, kí jẹnẹrétọ̀ má sì sí nítòsí nítorí ariwo. Àwọn ìyá méjì ti gbà láti wá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ jíròrò kí ọjọ́ náà tó pé, nítorí àwọn ará Alaska kò fi í ṣeré: bí a bá gba ohùn ìyá kan sílẹ̀, ta ni ó ni ín? Ṣé ẹgbẹ́ ni, tàbí ìyá náà àti àwọn ọmọ rẹ̀? Èrò tèmi ni pé ìyá náà ni, kí ẹgbẹ́ sì tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí Akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé.